A Ò Ní Tẹ̀ Ẹ́ Lẹ́ẹ̀kejì

Ọ̀gá wa pe gbogbo àwa obìnrin tó ń tẹ̀wé jọ sí yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí òjò Douala ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Kò ní ká jókòó. Ó ní kọ̀ǹpútà tuntun ti dé láti ilẹ̀ Faransé, pé ti àtijọ́ ò ní pẹ́ kúrò nílẹ̀, àti pé ohun gbogbo tó wà nínú ti àtijọ́, àwa la máa tún un tẹ̀ sínú tuntun. Gbogbo rẹ̀ pátá: orúkọ àwọn oníbàárà, ẹrù tó wà ní sítọ́ọ̀, àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ohun tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀. Ó ní a óò máa wá lọ́jọ́ Sátidé àti lọ́jọ́ Àìkú títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, pé kò sí owó lórí ìyẹn, nítorí ẹni tó bá fẹ́ràn iléeṣẹ́ rẹ̀ kì í ka wákàtí. Ó wá fi kún un, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ lásán, pé tí iṣẹ́ náà bá parí, ẹ̀rọ tuntun ò ní nílò ọwọ́ tó pọ̀ tó báyìí.

Mo wo àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Mo ní, "Rárá, Monsieur. A ò ní tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti jáde, mi ò wá ibi tí màá fi í pamọ́ sí.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Ìyá mi àti bàbá mi wá láti ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n Douala, ní Kamẹrúùnù, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kú kí n tó mọ ìwé kà. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Marché Congo, láàárín àwọn télọ̀, ibi tí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń bo ohùn ẹni tó ń nájà. Òun ló rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Buea lọ́hùn-ún, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan màá padà sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ ìjọba. Mi ò padà. Mo wá sí Douala, mo kọ́ ìwé títẹ̀ ní èdè Faransé, mo sì ríṣẹ́ ní Bonabéri, ní òdìkejì afárá Wouri, ní iléeṣẹ́ kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, páànù àti ọ̀pá irin. Àwọn ọdún 1970 ti ń lọ sópin nígbà náà.

Ẹ̀ka kan wà tí iléeṣẹ́ náà ní ní Victoria, ìlú tí wọ́n ń pè ní Limbe báyìí. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀ka yẹn dé, wọ́n kó kọ̀ǹpútà ibẹ̀ sínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n gbé e wá bá wa. Ẹ̀rọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù méjì tí a tò pọ̀, kò lójú tó ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n; ohun tó ní ni ẹ̀rọ kan tó dà bíi ti telex, tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i, tí òun náà sì fi ń tẹ èsì padà sórí bébà. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé tí ẹnìkan bá fẹ́ bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn, àfi kó pariwo. Gbogbo ohun tó bá tẹ̀ jáde, ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí sídìí rẹ̀: nínú àwa obìnrin ibẹ̀, èmi nìkan ló lè ka ohun tó ń sọ. Àwọn tó kù ń tẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn, èmi ń fún ẹ̀rọ náà jẹ.

Nítorí náà, nígbà tí mo ní rárá, kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Mo mọ ẹ̀rọ yẹn.

Ọ̀gá wa bi mí pé kí ni mo wí. Ọmọ Kamẹrúùnù ni òun náà, ó kàwé ní ilẹ̀ Faransé, aṣọ rẹ̀ kì í ní ìhunjọ láàárọ̀ tàbí lálẹ́. Kì í pariwo mọ́ni. Mo ní, "Monsieur, ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn máa ń sọ̀rọ̀. Wáyà ló ń gbà bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn. Tuntun náà, mo ti wo ẹ̀yìn rẹ̀, ihò wáyà wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá lè sọ, tí èkejì lè gbọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ ìka ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ náà máa gbà kọjá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀kan jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì jẹ́ Faransé, wọn ò gbọ́ ara wọn, bó ṣe wà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó wò mí dáadáa. "Mademoiselle, ìwé títẹ̀ la gbà yín fún. Ẹ kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Tó bá jẹ́ èmi ni yín, màá rọra."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ní, "Odò Wouri tí ẹ ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá láràárọ̀, etí rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Monsieur. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní àná ni mo dé, ọjọ́ Àìkú mi ṣì jẹ́ tèmi."

Ó ní ẹni tí kò bá sí níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ ní Sátidé, kó má ṣe wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ká máa lọ síbi iṣẹ́ wa.

Nígbà tí a jáde, obìnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Bamiléké, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi fà mí lápá. Oyún rẹ̀ ti tóbi nígbà náà. Ó ní, "Sista, you no di fear?" Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó wo ikùn rẹ̀, ó wò mí, ó ní òun náà ò lè máa wá lọ́jọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ òun ti wú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo wọ táàsì lọ sí Marché Congo lọ bá ìyá mi. Ó ń ká aṣọ, ó ń múra àtilọ sílé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

"O sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan, mà."

Ó jókòó lórí àpótí. Ó ní, "Ọmọ mi, àlejò ni wá ní ìlú yìí. Àlejò kì í lanu jù nílé onílé. Láti ìgbà tí mo ti dé, tí ọlọ́pàá bá ní kí n mú carte de séjour, ìwé ìgbélùú mi, wá, mo máa ń mú un wá, màá sì tún ní ẹ ṣé. Bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn. Lọ́la, lọ bẹ ọ̀gá rẹ."

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé?"

"Nítorí pé tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó ní àwa kan máa lọ ni. Ṣé ẹ rí i? Àwa la máa fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ kòtò tí wọ́n máa ti àwa fúnra wa sí. Ọjọ́ Àìkú la sì máa fi gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọjọ́ Olúwa kì í ṣe ọjọ́ ọjà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní orí mi le bíi ti bàbá mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó fi bú mi ni tàbí ó fi yìn mí. A di aṣọ, a gbé e lé ọmọlanke, a lọ sílé ní Ndogbong.

Nínú yàrá ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, ẹnìkan wà tí kò rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ni, iléeṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ tuntun fún wa ló rán an wá láti gbé e kalẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Bassa ni, láti Edéa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé dé. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago méjìlá lu tí gbogbo èèyàn ń lọ jẹun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ní Douala nígbà náà, ọ̀sán gùn. Bíróò máa ń tì, àwọn ọ̀gá máa ń lọ sílé lọ jẹun, wọ́n á sùn díẹ̀, wọn ò ní padà títí di aago méjì àbọ̀.

Ó ní, "Mademoiselle, ohun tí ẹ sọ lánàá, èmi náà ti rò ó. Wọ́n ní kí n má ṣe dá a láṣà. Wọ́n ní kí n gbé tuntun kalẹ̀ kí n máa lọ."

Mo bi í pé ta ló ní bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá tiyín. Àti ọ̀gá tèmi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dá mi dúró." Ó tọ́ka sí àwọn ìwé ńlá tó wà lórí pẹpẹ, àwọn ìwé tó bá ẹ̀rọ àtijọ́ wá. "Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀."

Mo fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ní, "Ẹ jókòó. Èmi gbọ́ ọ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sán la ń ṣe gbogbo rẹ̀, nígbà tí ilé ṣófo, tí òjò ń lu páànù sítọ́ọ̀ lẹ́yìn wa. Èmi á ka ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, màá sọ ọ́ fún un ní Faransé. Nígbà mìíràn mo mọ ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó jẹ́ rárá, torí pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà ni. Màá kàn sọ ọ́ bó ṣe wà, òun á ronú, á ní, "Háà, mo mọ̀ ọ́n," á sì ya àwòrán rẹ̀ fún mi títí á fi yé èmi náà. Mo gbọ́ èdè náà, òun gbọ́ ohun tí èdè náà ń sọ. Kò sí ẹni tó lè dá a ṣe nínú àwa méjèèjì, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó ń gbé ara rẹ̀ ga.

Wáyà ló rọrùn jù. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀kan wà fún sísọ, ọ̀kan fún gbígbọ́, ọ̀kan tó so ilẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, ìyẹn ibi tí iná ń gbà padà. Ó ní ibi tí ọ̀kan ti ń sọ gbọ́dọ̀ bọ́ síbi tí èkejì ti ń gbọ́. Tí ẹnu bá kọjú sí ẹnu, ariwo lásán ni, kò sí ẹni tó máa gbọ́. Ó fi òjé jó àwọn ẹnu wáyà náà, òórùn rẹ̀ kún inú yàrá, a sì nà án gba abẹ́ ilẹ̀kùn láti yàrá ẹ̀rọ àtijọ́ bọ́ sí ti tuntun.

Mo pàṣẹ kí ẹ̀rọ àtijọ́ fi fáìlì kan ránṣẹ́. Ohun tó jáde lójú ẹ̀rọ tuntun kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Faransé. Àmì ìbéèrè, àmì ìràwọ̀, lẹ́tà tí kò bá ara wọn tan. Inú mi bàjẹ́. Ẹnjiníà ní kí n má ṣe bínú, pé ohun kan ti kọjá, pé àná ohunkóhun ò kọjá. Ó ní àtijọ́ ń fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀, tuntun sì ń fi ìyára gbọ́, bíi kí àgbàlagbà máa rọra ka ìwé sétí ẹni tó ń kánjú. Ó yí ìyára tuntun sílẹ̀ títí ó fi bá ti àtijọ́ mu. Ìwé tí mo ń kà sì tún sọ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí àtijọ́ bá fi ránṣẹ́, ó máa ń fi àmì kékeré kan sí i lẹ́yìn, láti fi mọ̀ bóyá lẹ́tà náà bàjẹ́ lọ́nà. Tuntun ò mọ àmì yẹn, ó ń kà á mọ́ lẹ́tà. Ẹnjiníà kọ́ ọ láti máa já a sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí orúkọ àkọ́kọ́ jáde bó ṣe yẹ, orúkọ ọkùnrin kan tó ń ra sìmẹ́ǹtì lọ́dọ̀ wa láti Nkongsamba, èmi àti ẹnjiníà wo ara wa. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín ni èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àmì kan, lẹ́tà *a* kékeré tí ìrù rẹ̀ yí i ká, tí wọ́n máa ń fi sáàárín iye ọjà àti owó ẹyọ kan. Ibi gbogbo tí a ti tẹ àmì yẹn nínú ẹ̀rọ àtijọ́, *à* ti Faransé ló ń jáde nínú tuntun. Bẹ́ẹ̀ ohun kan náà gan-an ni àwọn Faransé máa ń kọ síbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣírò ọjà. Ẹnjiníà ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀rọ ti túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀." Kì í ṣe gbogbo àmì ló ṣe oore bẹ́ẹ̀ fún wa. Àwọn mìíràn dà rú pátápátá, a sì ní láti sọ fún tuntun ọ̀kọ̀ọ̀kan pé tí o bá rí báyìí, báyìí ni kí o kọ.

Ní àárín gbogbo èyí, Sátidé àkọ́kọ́ pé. Mi ò lọ. Lọ́jọ́ Àìkú mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìyá mi, mo ń kọrin. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo rò pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa dá mi padà. Kò dá mi padà. Mo wá gbọ́ pé lọ́jọ́ Sátidé, nínú gbogbo wa, ẹni méjì péré ló wá, àwọn náà sì lọ sílé ní ọ̀sán nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn nìkan ni. Abilékọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí kò wá. Kò sí ẹni tó bá wọn sọ ọ́. Ọ̀gá lè lé ẹnìkan; ó ṣòro fún un láti lé gbogbo wa nígbà tí ẹ̀rọ tuntun ṣì ṣófo.

Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni ìyá mi ṣe ohun tí mi ò retí. Ní ọ̀sán mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá, gèlè rẹ̀ ti rin, abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wọ táàsì kọjá afárá nínú òjò. Ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀. Mo dìde, mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Mi ò sọ pé mo fara mọ́ ohun tí ò ń ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ní o kì í jẹun ọ̀sán mọ́. Tí o bá fẹ́ bá ọ̀gá jà, má fi ebi jà."

Ó wo ẹnjiníà. Ó fi Faransé ọjà rẹ̀ sọ fún un pé kó wá jẹun. Ìrẹsì àti ẹja ló wà níbẹ̀, a jẹ ẹ́ láàárín wáyà àti ìwé. Ìyá mi jókòó, ó ń wo ẹ̀rọ ńlá náà bí ẹni tó ń wo oníbàárà tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò rajà. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní Yorùbá pé, "Èyí ni kò gbọ́ èdè èkejì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mi ò gbọ́ Faransé kankan. Mo ta aṣọ." Ó kó abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ìṣòro tó fẹ́ dá wa dúró pátápátá ni ti ìlà. Ìlà kan á dé pé, èyí tó tẹ̀ lé e á pàdánù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ á di ààbọ̀ orúkọ. Ẹnjiníà rí ìdí rẹ̀ kíákíá: tí tuntun bá gba ìlà kan tán, ó ní láti lọ kọ ọ́ pamọ́, bó sì ṣe ń kọ ọ́, kò gbọ́ ohun tí àtijọ́ ń sọ. Àtijọ́ ò sì mọ̀ pé ó yẹ kóun dúró. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Ó ní, "Ṣé kò sí bí a ṣe lè ní kó dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan?"

Mo rántí pé àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ lọ́ra. Orí wọn ní láti rìn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kí wọ́n tó lè tẹ òmíràn. Mo ní ó gbọ́dọ̀ ní bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ṣe bójú tó ìyẹn. A wá a fún ọ̀sán mélòó kan. A rí i níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó lọ́ra: èèyàn lè ní kí kọ̀ǹpútà náà máa fi àwọn lẹ́tà òfìfo ránṣẹ́ lẹ́yìn ìlà, lẹ́tà tí kì í tẹ nǹkan kan, kí àkókò lè lọ. Mo ka gbólóhùn náà fún un. Ó dìde dúró. Ó ní kí n tún un kà. A fi òfìfo díẹ̀ sí i, ìlà ṣì ń já. A fi kún un. A tún fi kún un. Lójijì ni ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní odindi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìsí èyí tó fara pa.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá padà dé láìròtẹ́lẹ̀. Omi òjò ti bo ọ̀nà tó lọ síbi afárá, kò rí ọ̀nà lọ sílé jẹun. Obìnrin Bamiléké náà wà pẹ̀lú wa, torí pé kò lè rìn jìnnà mọ́ lọ́sàn-án. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ rin. Ó wo wáyà tó wà nílẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ tuntun, níbi tí orúkọ àwọn oníbàárà wa ti ń gòkè lọ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ.

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó fún wa láṣẹ, Monsieur."

"Mo ní kí ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. A fọwọ́ kàn án. Ẹ wò ó, ohun tí ẹ fẹ́ ló ń wọlé yẹn. Kò ná yín ní ọjọ́ Àìkú ẹnikẹ́ni."

Ó yí sí ẹnjiníà, ó ní kó tú wáyà náà kúrò kíákíá, pé òun máa kọ̀wé sí iléeṣẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́, Monsieur. Ṣùgbọ́n tí mo bá tú u báyìí, fáìlì tó ń kọjá yìí á já sí méjì. Mi ò ní tú u."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá gbé ẹsẹ̀ síwájú, bíi pé òun máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fa wáyà náà. Kó tó dé ibẹ̀, obìnrin Bamiléké náà ti fa àga rẹ̀. Ó gbé e lé orí ibi tí wáyà gbà kọjá gan-an, ẹsẹ̀ àga lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ àga lósì, wáyà láàárín. Ó jókòó pẹ̀lú ikùn rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e.

Ọ̀gá ní, "Madame, ẹ dìde."

Ó ní, "Ẹ forí jì mí, Monsieur. Ó rẹ̀ mí. Mi ò lè dìde báyìí."

Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ọ̀gá dúró níwájú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn wa, ní yàrá kejì, ẹ̀rọ àtijọ́ ń pariwo lọ. Ó yíjú sí mi, mo sì wò ó lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ti kọ́ mi pé a kì í wo àgbà lójú. Mi ò gbé ojú mi sílẹ̀. Níkẹyìn ó wọ yàrá tirẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò ní ká máa bá a lọ, kò ní ká dáwọ́ dúró. A bá a lọ.

Fáìlì tó kù kọjá ní ọ̀nà yẹn, lọ́sàn-án àti lówùúrọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ẹni tó tún ń fi í pamọ́ mọ́. Àwọn obìnrin máa ń wá dúró wo bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe ń kọjá lójú ẹ̀rọ. Ẹnìkan rí orúkọ tó ti ṣì tẹ̀ lọ́jọ́ pípẹ́, ó ní, "Àṣìṣe mi náà ti sọdá odò." Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú. Obìnrin Bamiléké náà lọ bímọ, ọmọbìnrin ni, wọ́n sì gbà á padà síṣẹ́ lẹ́yìn náà.

Èmi, wọ́n dá mi dúró nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Èmi àti àwọn méjì mìíràn. Ọ̀gá ní kò sí iṣẹ́ tó tó fún gbogbo ọwọ́ mọ́, bó ṣe ti sọ tẹ́lẹ̀. Mo lọ sí yàrá rẹ̀, kì í ṣe láti bẹ̀ ẹ́. Mo ní mo fẹ́ kó sọ ọ́ sí mi lójú. Ó sọ ọ́. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Àwọn kan wà tó sọ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Wọ́n ní ká ní a ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ì bá ṣì máa jẹun níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá mi pàápàá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ń bá a ta aṣọ tí inú mi ò dùn. Mo gbọ́ ọ. Mi ò gbà á nígbà náà, mi ò sì gbà á báyìí tí mo ti darúgbó. Ẹni tó bá ti pinnu àtilé ọ, kò yẹ kí o fi ọjọ́ ìsinmi rẹ ra oṣù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ pẹ̀lú orí mi lórí ọrùn mi.

Mi ò pẹ́ lẹ́yìn tábìlì aṣọ. Ẹnjiníà yẹn ránṣẹ́ pè mí. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ò lé e. Wọ́n bínú sí i títí wọ́n fi rí i pé àwọn oníbàárà mìíràn náà ní ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Ó ní oko ńlá kan wà ní Tiko, ẹ̀rọ wọn jẹ́ ẹ̀gbọ́n tiwa, wọ́n ti ra tuntun, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa mú ọ̀rọ̀ jáde nínú rẹ̀. Ó ní òun wà ní Yaoundé lọ́sẹ̀ yẹn, òun ò lè tètè dé, kí n máa lọ níwájú òun.

Mo ra àpò, mo kó wáyà àti irin tí a fi ń jó òjé sínú rẹ̀. Ìyá mi ń wò mí. Ó ní, "O máa dá lọ bá àwọn ọkùnrin yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó bu omi fún mi, mo mu, ó gbàdúrà fún mi pẹ́, ó sì bá mi gbé àpò náà dé ibi tí mo ti wọkọ̀.

Nígbà tí mo dé Tiko, ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá bíróò wọn jáde wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó tún wo ọkọ̀ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀. Ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni ẹnjiníà wà.

Mo gbé àpò mi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó fi ẹ̀rọ náà hàn mí.